Ìjàpá bàbá wa kú lójijì: kí ló lè pa á?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran nílé, ẹ jọ̀ọ́. Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa la bá ní òkú láàárọ̀ yìí lẹ́bàá ògiri, ní Gbódòfọ́n níbí, nínú Òṣogbo. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nínú ilé. Lálẹ́ àná ó ṣì fẹnu kan ìbẹ́pẹ, àmọ́ kò jẹ ẹ́ tán. Kò sí ọgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ibi tí ohunkóhun ti bù ú jẹ. Ọrùn rẹ̀ nà síta, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ìyá mi ní ó bá ẹnì kan nínú wa gbé ikú lọ ni. Àbúrò mi ní ayálégbé ẹ̀yìnkùlé, tó ní ká tà á fún òun lóṣù tó kọjá tí a kọ̀, ló fi nǹkan sí i lẹ́nu. Ẹlòmíì ti ń tọrọ òkú rẹ̀. Kí ló ń pa ìjàpá báyìí? Ṣé ká sin ín ni?

* * *

Ẹ má tíì gbẹ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ó ti kú.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí èèyàn nínú, àmọ́ ìjàpá kì í ṣe adìyẹ. Bí ibi tó wà bá ṣe tutù tó lara òun náà ṣe ń tutù, tí òtútù bá sì mú un, ọkàn rẹ̀ á máa lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, èémí rẹ̀ á jìnnà síra débi tí ojú ò ní tètè rí i. Nígbà ọyẹ́, irú èyí tó ń gbé lọ́dàn apá ọ̀dọ̀ wa máa ń wọ abẹ́ ewé gbígbẹ tàbí ihò lọ. Kò ní jẹ, kò ní rìn, títí òjò á fi padà. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti lọ.

Ẹ fi owú tútù kan ẹyinjú rẹ̀. Ẹ rọra fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bó bá fà á padà, bó ti wù kó lọ́ra tó, ẹ̀mí ṣì wà ńbẹ̀. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ kan ìdí rẹ̀ lẹ́bàá ìrù. Ti alààyè á sún kì. Ẹ gbé e síbi òjìji tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ di ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe inú oòrùn o. Bí ojú bá ti wọnú, tí òórùn ń jáde lẹ́nu, tí eṣinṣin ò sì kúrò níbẹ̀, ó ti parí.

Bó bá jẹ́ pé inú omi lẹ ti yọ ọ́, ìyẹn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ẹ dorí rẹ̀ kodò kí omi ṣàn jáde, kí ẹ wá máa fa ẹsẹ̀ iwájú síta, kí ẹ máa tì í padà wọlé. Iṣan ẹsẹ̀ àti ti èjìká ni ìjàpá fi ń mí, torí igbá rẹ̀ kò lè fẹ̀ kó tún sún kì bí àyà tiwa. Àwọn kan ti sọjí lẹ́yìn tí wọ́n ti pa wọ́n tì.

* * *

Mo ti ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Ti ayálégbé ló pọ̀ jù. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yẹn dùn lẹ́nu, ó sì ti tú ilé ká. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló fẹ́ fi ìjàpá ṣe? Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni, ta ló ń fi májèlé sínú ẹran tó fẹ́ sè? Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi ṣe ètùtù ni, alààyè ló ń wá. Òkú ìjàpá yìí ò wúlò fún un lọ́nàkọnà, àyàfi bí òun bá tún ni ẹni tó ń tọrọ òkú náà, tí ẹ ò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ti ìyá yín, mi ò ní bá wọn jiyàn. Àgbà ló sọ̀rọ̀, ìtùnú sì ni fún ilé. Àmọ́ ikú yòówù tó bá yín gbé lọ, ibì kan ló gbà wọ inú ara rẹ̀, ibẹ̀ la sì ń wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi ni pé “lójijì” yẹn máa ń tàn wá jẹ. Ìjàpá kì í ké, kì í gbó, kì í sì í gbọ̀n lójú èèyàn. Á ti máa ṣàárẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ẹ ó ní ó ń sùn ni. Nítorí náà ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ẹ sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn fún wa: irú ìjàpá wo ni, orí kí ló ń sùn, ta ló gbé oògùn wọ ilé, ta ló fín nǹkan sí koríko, àwọn ẹran mìíràn ńkọ́?

* * *

Bí a ṣe ń dúró dè é, àríyànjiyàn oúnjẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní koríko nìkan ni ìjàpá ń jẹ, kí a fi í sórí iyanrìn gbígbẹ, kí ọ̀rinrin má ṣe kàn án. Ẹlòmíì ní irọ́ ni, tòun ń jẹ olú àti ìgbín. Ìjàpá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ń sọ.

Èyí tó tóbi, tí wọ́n ń kó wá láti Òkè-Ọya, tó ní ẹ̀gún ńláńlá ní itan, tó lè wọn ju kílò 40 lọ bó bá dàgbà, ẹran ilẹ̀ gbígbẹ ni. Koríko ni tirẹ̀. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti àjẹkù àmàlà ń ba ikùn rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rinrin sì ń fún un ní òtútù àyà. Èyí tí àwọn ọdẹ wa ń rí nínú igbó kéré. Ẹ wo igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ní apá ìdí, ẹ ó rí ìlà kan tó yí i ká láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá dẹ́rù bà á, apá ìsàlẹ̀ ìlà yẹn á wálẹ̀, á pa dé mọ́ ẹsẹ̀ àti ìrù. Ìwé ń pè é ní Kinixys. Èyí tó ń gbénú igbó nínú wọn ń fẹ́ òjìji, ewé jíjẹrà, àwo omi tó lè wọ̀. Á jẹ olú, ọ̀kùn, ìgbín, èso tó já sílẹ̀. Ẹni tó bá mú ìmọ̀ràn ti àkọ́kọ́ lò fún ìkejì, orí símẹ́ǹtì ni yóò gbẹ ẹ́ pa.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní:

“Ó ti kú lóòótọ́, ó ti ń rùn. Tiwa ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń pa dé. Abẹ́ igi máńgòrò ló ń gbé, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, omi wà. A kò fín nǹkan kan. Ohun kan ṣoṣo ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó máa ń bá wa tọ́jú ewúrẹ́ wá gún wọn lábẹ́rẹ́ aràn. Ó rí eégbọn lẹ́sẹ̀ ìjàpá náà, ó ní kí òun náà jèrè díẹ̀, ló bá gún un. Láti ọjọ́ kejì ni kò ti rìn dáadáa mọ́. A rò pé òjò ló ń mú un lótùútù. Àwọn ewúrẹ́ ò ṣe nǹkan kan.”

* * *

“Ohun kan ṣoṣo” lẹ pè é!

Abẹ́rẹ́ tó ń pa aràn inú àti eégbọn ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń gún fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù, ivermectin ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló wà nínú ìgò yẹn, ẹ jẹ́ kí ayálégbé yín sùn.

Oògùn rere ni. Òun náà ló wà nínú Mectizan tí wọ́n ń pín fún àwọn ará abúlé nítorí àrùn ìfọ́jú tí eṣinṣin ẹ̀bá odò ń kó bá èèyàn, tí ilé-iṣẹ́ Merck ti ń fi tọrẹ láti ọdún 1987. William Campbell àti Satoshi Ōmura, tí iṣẹ́ wọn bí i, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ lọ́dún 2015. Èèyàn ń gbé e mì, màlúù ń gbà á, àwọn ajá kan ń gbà á, kò sí ìyọnu. Àmọ́ májèlé ni fún ìjàpá, ti ilẹ̀ àti ti omi. Dókítà ẹranko tó mọ iṣẹ́ ìjàpá kò ní súnmọ́ ọn.

Ọ̀nà tó ń gbà pa aràn ló ń gbà pa ìjàpá: ó ń mú iṣan rọ, kí aràn má lè mira mọ́. Lára ewúrẹ́, odi tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kó ráyè wọlé. Ti ìjàpá kì í dá a dúró bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo, orí á kọ̀ láti gbé sókè, ọrùn á nà sílẹ̀. Mo ṣáà sọ pé iṣan ẹsẹ̀ àti èjìká ló fi ń mí. Bí ìwọ̀nyẹn bá rọ̀, èémí dà? Ẹ tún ka bí ẹ ṣe júwe òkú náà fún wa láàárọ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ “díẹ̀” tí ọ̀gbẹ́ni yẹn sọ. Nínú ìgò tó wọ́pọ̀, tí wọ́n kọ 1% sí lára, mílílítà 1 ni fún ẹran tó wọn kílò 50. Ìjàpá irú tiyín kì í sábà ju kílò 2 lọ. Ká ní ìdajì mílílítà péré ló tì sí i lára, ti ẹran kílò 25 ló gún un yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ó wọ̀n ọ́n dáadáa, ìyẹn náà kì í ṣe ààbò, torí ìwọ̀n tó tọ́ fún ewúrẹ́ ti pa ìjàpá rí.

* * *

“Wọ́n gún tèmi, kò kú.” Ẹni tó kọ èyí bínú gan-an, ó ní mò ń ba iṣẹ́ àwọn tó ń wo ẹran jẹ́.

Mo gbà pé tiyín ò kú. Irú ìjàpá kan fara dà á ju òmíràn lọ. Ẹ ò sì sọ ohun tó wà nínú ìgò tiyín. Oògùn aràn pọ̀ lọ́jà Ìgbọ́nà, kì í ṣe gbogbo wọn ni ivermectin. Fenbendazole ni àwọn dókítà máa ń fún ìjàpá lẹ́nu, wọ́n á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, wọ́n á sì wo ìgbẹ́ rẹ̀ bóyá aràn tiẹ̀ wà. Eégbọn ò nílò abẹ́rẹ́ rárá. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń fa irun di orí rẹ̀ mú nítòsí awọ, kí ẹ rọra fà á jáde, kí ẹ fi oògùn ojú egbò sí i. Ó ń gba sùúrù, torí inú kọ̀rọ̀ tí itan ti wọ igbá ló máa ń fara pamọ́ sí.

Ẹlòmíì ní kí n má fi abẹ́rẹ́ nìkan gba ilé, oògùn apakoríko náà ń pa ìjàpá. Òótọ́ ni. Àjọ NAFDAC ti fòfin de paraquat, ọ̀kan lára wọn, láti oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ èyí tó wà nínú ìgò àtijọ́ kò tíì tán nínú àwọn ilé. Ìjàlọ náà ń pa á lóru. Bó bá dojú dé lórí símẹ́ǹtì nínú oòrùn ọ̀sán tí kò rí ara rẹ̀ yí padà, ooru á pa á kí ẹ tó ti ọjà dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ní wọn ò fín nǹkan kan, abẹ́ igi ni ìjàpá náà ń gbé, kò sì sọ pé ó dojú dé. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ohun tó sọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún ti wọlé. Ẹnì kan ní kò sí àrùn níbẹ̀, ọjọ́ ló pé, òun ti ka ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ nínú àwòrán. Ìlà yẹn kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ó lè fi ju ẹyọ kan kún un lọ́dún tí oúnjẹ pọ̀, kó má fi ọ̀kankan kún un lọ́dún mìíràn, bó bá sì dàgbà, àwọn ti àtijọ́ á pa rẹ́.

Wọ́n ti mú Alágbà wá, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún tó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣù kẹwàá ọdún 2019. Ààfin ní ó pé ọdún 344. Àwọn onímọ̀ ẹranko ò gbà, torí ìjàpá tó ń jẹ́ Jonathan, tó wà ní erékùṣù Saint Helena, tí wọ́n gbà pé nǹkan bí ọdún 1832 ló dé ayé, ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó dàgbà jù nínú ẹran orí ilẹ̀, irú tirẹ̀ sì jẹ́ òmìrán. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ jà. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ààfin fúnra wọn sọ pé àìsàn ọjọ́ mélòó kan ló ṣe kó tó kú. Òun náà kò ṣubú lulẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

* * *

Lórí òkú náà: ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé mò ń bẹ̀rù oṣó. Ẹran tí ẹ ò mọ ohun tó pa á, tí oògùn ṣì lè wà lára rẹ̀, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Ìjàpá tó lera pàápàá máa ń gbé kòkòrò salmonella kiri, tó ń fún ọmọdé ní ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Kí àwọn ọmọ tó gbé e lónìí fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òdodo, ẹ fi náílọ̀nù méjì wé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Kì í ṣe fírísà, torí yìnyín ń ba inú ẹran jẹ́, dókítà ò ní rí nǹkan kà níbẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti la òkú ẹran, Yunifásítì Ìlọrin náà ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko. Aládùúgbò mi kan ní Òkè-Fìà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí abo tirẹ̀ kú. Gbogbo ilé ló ti dájọ́ pé ìyàwó kékeré ló pa á. Nígbà tí wọ́n fi ayùn la igbá àyà rẹ̀, ẹyin ló kún inú, funfun, ó le kókó, ọ̀kan ti fọ́, omi rẹ̀ ti di ọyún sára ìfun. Ó ti ń wá ilẹ̀ rírọ̀ tí yóò gbẹ́ láti yé e, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi símẹ́ǹtì ré gbogbo àgbàlá kí ẹrẹ̀ má bàa wọlé. Èékánná iwájú rẹ̀ ti jẹ tán níbi tó ti ń ha ilẹ̀. Ìyàwó kékeré ò gba ẹ̀bẹ̀ wọn títí di òní, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ti abẹ́rẹ́ yìí le jù bẹ́ẹ̀. Ivermectin kì í sábà fi àmì tí ojú rí sílẹ̀ nínú òkú. Bí dókítà bá là á tí kò rí ẹyin, tí kò rí òkúta nínú àpò ìtọ̀, tí ẹ̀dọ̀fóró mọ́, ìtàn tí ẹ sọ fún un ni yóò gbé ìdájọ́ rẹ̀ kà. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n gún un sílẹ̀, àti ọjọ́ tí kò rìn mọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè tún kọ̀wé: wọ́n ti sin ín, ìyá wọn ò gbà kí ó wọ inú fíríìjì tí ọbẹ̀ wà. Ó yé mi. Ìjàpá kékeré kan ṣì kù, wọ́n fẹ́ lọ tú u sílẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun kí ohun tó pa èkejì má bàa pa á. Àbúrò rẹ̀ sì fẹ́ lọ bá ẹni tó gún abẹ́rẹ́ jà.

Ti igbó Ọ̀ṣun, rárá. Òótọ́ ni pé wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni dọdẹ níbẹ̀, ibi tí UNESCO sì ti kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005 ni. Àmọ́ ìjàpá tó ti bá ewúrẹ́ àti adìyẹ gbé lè kó àrùn ilé lọ bá àwọn tó wà nínú igbó, kò sì mọ ibi tí yóò ti wá oúnjẹ. Ẹ fi í sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Bí wọn ò bá gún òun náà, kò sí ohun tó ń lé e. Bí wọ́n bá gún un, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lónìí, kó tó di pé ẹsẹ̀ rọ̀. Kò sí oògùn tó ń lé ivermectin jáde. Wọ́n á máa fún un lómi, wọ́n á máa bá a mí títí yóò fi kúrò lára rẹ̀, àwọn kan sì ń yè é.

Àwọn ewúrẹ́ náà ńkọ́? Oògùn yẹn ṣì wà nínú ẹran wọn. Ẹ má pa ọ̀kankan fún ìnáwó títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò yóò fi pé.

Ti ìjà, kí àbúrò yín farabalẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni yẹn rí eégbọn, ó ní òun ń ṣe yín lóore. Ẹ pè é wálé, ẹ ní kó mú ìgò náà dání, kí ẹ ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi ohun tí mo kọ yìí hàn án. Ìjàpá àwọn ẹlòmíì wà níwájú rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ní òun ti da ìgò nù, òun ò sì rántí ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì tí yóò máa bá yín wo ewúrẹ́.